Àkọsílẹ̀ Tó Sọnù Lè Ṣe Ìlera Ní Jàǹbá: Ìdí Tí Àwọn Olùwádìí Fi Ń Lo Ìwé Àkọsílẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà

Láàrin ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn Kòrónà ni kò sí nínú iye tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kéde lójoojúmọ́. Àyẹ̀wò wọn kò kùnà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n pamọ́. Fáìlì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó èsì àyẹ̀wò sí ló kún. Irú fáìlì Excel àtijọ́ ni, èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Èsì tó dé lẹ́yìn tí ó ti kún kò rí àyè wọlé, kò sì sí ẹni tó tètè fura.

Àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà gbọ́ èsì tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n wá àwọn tí wọ́n ti bá ṣe pọ̀, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀, kò rí orúkọ wọn gbà lásìkò. Ní ìgbà tí àrùn ń ràn bí iná inú ọyẹ́, ọjọ́ díẹ̀ tí a pàdánù kì í ṣe ohun kékeré.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ náà ju ti fáìlì kan ṣoṣo lọ. Ìmọ̀ ìṣègùn kò dúró lórí oògùn àti ẹ̀rọ nìkan. Ó dúró lórí àkọsílẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n yẹ̀ wò, ọjọ́ wo ni, oògùn náà pọ̀ tó mélòó, kí sì ni ojú rí. Bí àkọsílẹ̀ bá bàjẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, bó ti wù kí olùwádìí náà jáfáfá tó.

Àléébù ìwé àfọwọ́kọ

Láti ìgbà pípẹ́ ni olúkúlùkù onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti máa ń ní ìwé ẹlẹ́yìn líle kan nínú yàrá ìwádìí. Inú rẹ̀ ni ó ń kọ ọjọ́, òṣùwọ̀n kẹ́míkà, bí ohun tó ń sè ṣe gbóná tó àti àbájáde rẹ̀ sí. Ìwé náà wúlò púpọ̀, ọ̀pọ̀ oògùn tí aráyé ń lò lónìí sì bẹ̀rẹ̀ láti inú irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè kà á. Omi lè dà sí i, ikán sì lè jẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè dì í mọ́ ẹrù, kí ó sì gbé e lọ sílé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀rọ òde òní ń pèsè èsì tí ìwé kankan kò lè gbà. Ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá kòkòrò àrùn lè mú fáìlì ńláńlá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nípa bẹ́ẹ̀, èsì yóò wà nínú kọ̀ǹpútà kan, àlàyé rẹ̀ yóò wà nínú ìwé, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò yóò sì wà nínú fíríìsà, nínú ìgò kékeré tí ohun tí wọ́n kọ sí i lára ti parẹ́. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá ti pínyà, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó tún lè so wọ́n pọ̀.

Ní ọdún 2016, ìwé àtìgbàdégbà Nature bi àwọn olùwádìí 1,576 léèrè ọ̀rọ̀. Ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ tó ní àwọn ti gbìyànjú láti tún iṣẹ́ olùwádìí mìíràn ṣe, tí àwọn kò sì rí èsì kan náà. Ohun tó ń fa èyí pọ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí kò pé wà lára wọn. Ìwádìí mìíràn tó jáde nínú Current Biology ní ọdún 2014 wá dátà tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ 516 lórí ewéko àti ẹranko, tí wọ́n ti tẹ̀ jáde láti ọdún 2 sí ọdún 22 sẹ́yìn. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìrètí àtirí dátà náà ń fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọọdún. Àwọn kan nínú dátà ọ̀hún wà lórí àwo kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ìwòyí kò lè kà mọ́.

Bí ìwé orí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí kí ènìyàn kàn máa tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí olùwádìí bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọjọ́, àkókò àti orúkọ ẹni tó ń ṣe é. Bí ó bá ṣe àtúnṣe, ti àtijọ́ kò ní parẹ́. Méjèèjì yóò wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tún un ṣe àti ìgbà tó ṣe é. Fáìlì tó ti inú ẹ̀rọ jáde yóò wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú àlàyé rẹ̀. Ìgò kọ̀ọ̀kan tó wà nínú fíríìsà yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ yóò fi rí ìtàn rẹ̀ kà. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n lè ti ojú ewé náà pa, kí ọ̀gá sì buwọ́ lù ú.

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí yóò tètè lóye èyí. Alájọ kì í fi owó tí oníbàárà dá sínú orí títí di alẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ń sàmì sí káàdì, níṣojú ẹni tó ni owó. Káàdì kan wà lọ́wọ́ oníbàárà, àkọsílẹ̀ mìíràn sì wà lọ́wọ́ alájọ. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì yóò jẹ́rìí. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé nípa dátà kò jìnnà sí èyí: kí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn tí iná tàbí olè kò ti ní kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ìlera, NIH, ti sọ ọ́ di dandan láti ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 pé kí olùwádìí tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ ètò bí yóò ṣe tọ́jú dátà àti bí yóò ṣe pín in fún àwọn ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn yàrá ìwádìí ti àjọ náà gan-an gbọ́dọ̀ máa kọ iṣẹ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Nàìjíríà ńkọ́?

Èrè àkọsílẹ̀ tó péye kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Nígbà tí àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, ọjọ́ díẹ̀ péré ló kọjá tí ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, ní ìlú Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, fi ka àbùdá kòkòrò àrùn náà, tí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ síta fún gbogbo àgbáyé. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò lè wúlò bí ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gba ohun tí wọ́n yẹ̀ wò kò bá sí lára rẹ̀.

Ìṣòro iná mọ̀nàmọ́ná àti íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe é fojú fò dá. Síbẹ̀, àwọn ètò kan wà tí kò gba owó. Ọ̀kan nínú wọn ni eLabFTW, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Institut Curie ní ìlú Paris. Yàrá ìwádìí lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lò ó láàrin ara wọn, kódà bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí.

Àṣírí aláìsàn náà ṣe pàtàkì. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó nílò ààbò àrà ọ̀tọ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ló yẹ kó dúró fún orúkọ aláìsàn nínú àkọsílẹ̀ ìwádìí, kì í sì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló yẹ kó lè ṣí gbogbo ojú ewé.

Kọ̀ǹpútà nìkan kò sì tó. Orí kọ̀ǹpútà ni àṣìṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wáyé. Excel yìí kan náà ti sọ orúkọ àbùdá ènìyàn kan, SEPT1, di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án lọ́pọ̀ ìgbà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń fún àbùdá lórúkọ fi yí i padà sí SEPTIN1. Yàrá ìwádìí tí kò tíì ní ètò kankan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wà nílẹ̀: kí wọ́n kọ ọjọ́ mọ́ orúkọ fáìlì, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan èsì àkọ́kọ́ tó ti inú ẹ̀rọ jáde, kí wọ́n sì máa ka iye tó wọlé mọ́ iye tó jáde.

Aláìsàn tó na apá sílẹ̀ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìwádìí kò ní rí ìwé tí wọ́n kọ èsì náà sí. Ó gbà pé wọn yóò kọ ọ́ dáadáa, wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tí òun fi sílẹ̀ má baà ṣòfò.