Àlọ àti Àbọ̀ Iná Mànàmáná

Iná tí kò ní èéfín, tí kò ní eérú, tí a kò fẹ́ lẹ́nu kí ó tó ràn, ni iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá tú tọ́ọ̀ṣì palẹ̀ sórí ẹní yóò rí i pé ohun tí ń bí i kò pọ̀ rárá: bátìrì méjì, gílóòbù kékeré kan, irin pẹlẹbẹ tí ó so wọ́n pọ̀, àti bọ́tìnì tí a fi ń tàn án.

Àṣírí rẹ̀ ni pé iná yìí kì í lọ láìbọ̀. Ara bátìrì ni ó ti ń gbéra, a gba inú gílóòbù kọjá, a sì gba ara irin padà sí ara bátìrì kan náà, nítorí ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Bí ọ̀nà yìí bá já níbì kan ṣoṣo, ìrìn parí nìyẹn. Bọ́tìnì kò ju afárá lọ: bí a bá tàn án, afárá kan òkè odò kejì, bí a bá pa á, afárá ká kúrò.

Ohun tí ń rìn náà ni àwọn wóró tí ojú kò lè rí, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí wọ́n ti kún inú irin bámúbámú kí bátìrì tó dé ibẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nínú irin tọ́ọ̀ṣì, ìrìn wọn lọ́ra ju ti ìgbín lọ, síbẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú gílóòbù ti tàn. Bí omi inú páìpù tí ó kún dé ẹnu ni wọ́n rí: bí a bá ti ti ti ẹ̀yìn, ti iwájú a sún.

Fóltì ni a fi ń wọn agbára tí ń tì wọ́n; bátìrì kan ní 1.5, méjì tí ìdí ọ̀kan kan orí èkejì sì jẹ́ 3. Ní 1827, Georg Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé jáde pé bí agbára bá pọ̀, ìṣàn a pọ̀. Bí ìdènà bá pọ̀, ìṣàn a dín. Okùn tín-ín-rín inú gílóòbù ni ìdènà ti tọ́ọ̀ṣì: ọ̀nà há, èrò pọ̀, wọ́n ń gbún ara okùn náà, ooru mú títí okùn fi pọ́n, tí ó sì ń tàn.

Nínú ilé, gílóòbù kọ̀ọ̀kan ni ó ní àlọ àti àbọ̀ tirẹ̀, nítorí náà bí ti yàrá bá kú, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní kú. Ṣùgbọ́n bí wáyà àlọ àti wáyà àbọ̀ bá fara kanra ní ìhòòhò, tí kò sí gílóòbù láàárín wọn, kò sí ohun tí yóò dá ìṣàn náà dúró mọ́. Wáyà a gbóná, àjà a sì gbiná. Nítorí èyí ni a ṣe fi fíùsì sí ẹnu ọ̀nà, wáyà aláìlágbára tí yóò yọ́ kí ti ilé tó jó. Ẹni tí ó bá fi wáyà nínípọn dípò rẹ̀ nítorí pé ó ń já lemọ́lemọ́, ajá tí ń gbó olè ni ó pa. Kí a pa súwíìṣì ńlá ilé, kí a pe oníṣẹ́ iná láti wá wáyà tí awọ rẹ̀ ti bó, lẹ́yìn náà ni kí a tó fi fíùsì tí ó ṣe déédéé rẹ̀ sí i.