Ta Ló Pa Wi-Fi?

Bí Wi-Fi láàpútọ́ọ̀pù bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi léèrè. Lórí Linux, "rfkill list" ni n ó tẹ̀. Ìlà méjì ló ń jáde lábẹ́ orúkọ rédíò kọ̀ọ̀kan: Soft blocked àti Hard blocked. Bó bá jẹ́ Soft ló kọ "yes", sọ́fúwíà ló pa á. "rfkill unblock all" á tan án, ó parí. Hard ni baba wàhálà. Ìyẹn ní ohun kan lára ẹ̀rọ ló pa á, kò sì sí àṣẹ rfkill tí ẹ lè tẹ̀ tó máa gbọ́.

Ọmọ yunifásítì kan gbé tiẹ̀ wá. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yìí ò mà ní súíìsì Wi-Fi kankan o!" Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, "Hard blocked: yes" ló wà níbẹ̀ gàdàgbà. Mo tún un kà: rédíò méjì ló tò síbẹ̀. phy0, tí í ṣe káàdì gan-an, ní "no". Èkejì, tí dráífà ilé-iṣẹ́ tó ṣe láàpútọ́ọ̀pù náà gbé wá, ní "yes". Ẹ̀rí wọn ò dọ́gba. Dráífà yẹn ń béèrè súíìsì tí ẹnikẹ́ni ò fi síbẹ̀, òdo ni wọ́n ń fi dá a lóhùn, òun sì ka òdo sí pé wọ́n ti pa á. NetworkManager tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá gba tirẹ̀ gbọ́! Mo fi "modprobe -r" yọ dráífà náà kúrò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn lójú ẹsẹ̀. Mo wá kọ "blacklist" àti orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì kan ní /etc/modprobe.d, kó má bàa tún padà wá. Bọ́tìnnì bíi mélòó kan lórí kíbọ́ọ̀dù lè bá a lọ. Mo sọ fún un, ó ní òun fara mọ́ ọn.

Bí phy0 fúnra rẹ̀ bá ní "yes" ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ ti súíìsì ẹ̀gbẹ́ síwá sẹ́yìn bó bá ní, kí ẹ sì yẹ BIOS wò. Tí kò bá gbọ́, ó di ọ̀rọ̀ tẹ́èpù. Lára káàdì mini PCIe, pín 20 ló ń gbé àṣẹ súíìsì náà. Bí iná orí rẹ̀ bá ti wálẹ̀, rédíò á kú. Tẹ́èpù Kapton tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń bò ó. Iṣẹ́ ojú ni o: pín 22 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń tún káàdì bẹ̀rẹ̀, bí tẹ́èpù bá bo ìyẹn, kọ̀ǹpútà lè má rí káàdì mọ́ rárá. Ẹni tí a bá sì ti lẹ tiẹ̀, súíìsì ẹ̀gbẹ́ ò ní lè pa rédíò mọ́. Bó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú, "rfkill block wifi" ni kó tẹ̀.