Ọmọ kékeré fọ́ gíláàsì l'Álímòṣọ́, ta ni yóò san owó ẹ̀?

Àwọn tó ń gbé Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò kò ní í gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2020 bọ̀rọ̀. Ìjọba ti ní kí kálukú jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà, ebi ń pa èèyàn, ni ariwo bá gba ìgboro pé àwọn ọmọ Awawa àti One Million Boys ń bọ̀. Kì í ṣe Alímòṣọ́ nìkan o, ariwo ọ̀hún dé Agége, ó dé Ìfàkò-Ìjàyè, títí tó fi wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Làńlọ́ọ̀dù mú àdá, ayálégbé mú igi, wọ́n dáná táyà sójú títì, wọn ò sùn mọ́jú. Níbòmíì, àhesọ lásán ni, olè kankan ò dé, àgbàlagbà ló ń lé òjìji ara wọn kiri. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti dé lóòótọ́, ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni ojú àwọn tí wọ́n rí: ọmọ tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n.

Kò ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ìwọ́de EndSARS fi dàrú mọ́ ìlú lọ́wọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá Ìkòtún àti ti Ìgándò wà lára àwọn tí wọ́n kọlù l'Ékòó.

Ìyẹn ńlá. Ti ojoojúmọ́ ló sú àwọn ará àdúgbò jù. Òkò ni wọ́n fi fọ́ gíláàsì mọ́tò tí onítọ̀hún páàkì síwájú ilé. Wáyà tiranfọ́mà tí gbogbo àdúgbò dáwó rà ni wọ́n gé lóru. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ìdánwò àṣekágbá, wọ́n á fọ́ àga, wọ́n á ya aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ara wọn lọ́rùn, bí wọ́n bá sì tú síta, oníbúrẹ́dì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á máa ṣa búrẹ́dì nínú iyẹ̀pẹ̀.

Bí ọwọ́ bá wá tẹ ọ̀kan nínú wọn ńkọ́? Fíjilanté á wọ́ ọ dé tẹ́ṣàn. Kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹ̀ tán, ìyá ẹ̀ ti dé, gèlè ti já, ó ti kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: ọmọ náà ò ju mẹ́rìnlá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ èṣù ni. (Ẹkún ìyá máa ń dín ọjọ́ orí kù gan-an, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lè di mẹ́rìnlá níwájú kàǹtà.) Ọlọ́pàá á wo ọmọ, á wo ẹni tó mú ẹjọ́ wá, á ní kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ nílé. Owó díẹ̀ á yọ, ó di ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọ náà á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá, á máa súfèé. Ẹni tí wọ́n fọ́ gíláàsì ẹ̀ á mi orí, á ní òfin Nàìjíríà ò lè mú ọmọdé.

Ó lè mú un o. Bó ṣe ń mú un ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbọ́. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó ti wà látọdún 1916, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 kò lè jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Èyí tí kò tíì pé 12 náà kò lè jẹ̀bi, àfi tí wọ́n bá fi hàn pé ó mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe ò dáa. Lọ́dún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007. Òfin yìí ló ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, adájọ́ ò gbọdọ̀ ní kí wọ́n nà án lẹ́gba, wọn ò sì gbọdọ̀ dá a lẹ́jọ́ bí ẹni ń dá àgbàlagbà lẹ́jọ́. Kóòtù ẹbí ló ni ẹjọ́ ẹ̀. Ibi táwọn èèyàn máa ń gbọ́ ọ dé nìyẹn, ni wọ́n bá rò pé òfin ní kó máa lọ sílé.

Ẹ kà á síwájú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọ̀hún fún adájọ́ láyè láti ní kí òbí ọmọ san owó ìtanràn, tàbí kó ní kí wọ́n san owó ohun tí ọmọ wọn bàjẹ́. Ó lè ní kí wọ́n ṣe onídùúró pé ọmọ náà á máa hùwà gidi. Ó lè ní kí ọmọ fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlú, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ọ nídìí iṣẹ́ náà, tàbí kó fi í sábẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò máa yẹ ìwà ẹ̀ wò. Bí gbogbo ìyẹn ò bá tó, ilé àtúnṣe wà: tàwọn ọmọkùnrin wà l'Óregùn àti ní Birrel Avenue, Yábà, tàwọn ọmọbìnrin wà n'Ídì-Àràbà. Kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìyá ẹnì kankan náà.

Kí ló dé tọ́rọ̀ kì í fi í dé ọ̀dọ̀ adájọ́? Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ò fẹ́ẹ́ tilẹ̀kùn lójoojúmọ́ torí kóòtù, gíláàsì ẹ̀ ló ń wá, lónìí. Ìyá ọmọ, ata ló ń tà. Alága ẹgbẹ́ làńlọ́ọ̀dù àti bàbá ọmọ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà ni. Alímòṣọ́ ò sì kéré: nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀, ìjọba Èkó sì ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Tẹ́ṣàn tí ọ̀rọ̀ olè àti ìjà ilẹ̀ ti kún inú ẹ̀, inú ẹ̀ máa ń dùn tí wọ́n bá ní àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀ gíláàsì.

Àmọ́ ìbínú tó bá pẹ́ nílẹ̀, kì í jáde síbi tó dáa. Táyà tí wọ́n fi ń dáná ṣọ́ àdúgbò, irú ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń fi sọ́mọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olùpẹ̀jọ́ mọ́, apààyàn ni, àgbàlagbà sì ni, kò sí kóòtù ẹbí fún tiẹ̀.

Ìjọba náà máa ń ṣì í ṣe. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó èèyàn 76 wá síwájú ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá lórí ìwọ́de oṣù kẹjọ, wọ́n ní wọ́n ṣọ̀tẹ̀ síjọba. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn, àwọn kan sì ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù níṣojú gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà, Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹjọ́ tú ká. Adájọ́ ò ráyè gbọ́ ẹni tó ju òkò àti ẹni tí kò ju nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kí tiẹ̀ dé kóòtù ẹbí, kó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, kó sì béèrè ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Òfin ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe òbí lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wádìí ilé tí ọmọ náà ti jáde wá kí adájọ́ tó sọ tẹnu ẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá mẹ́rìnlá ni lóòótọ́. Kí onígíláàsì sì ya fọ́tò àfọ́kù kó tó gbá a nù, kó gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó bá a fi tuntun sí i, torí adájọ́ ò lè ní kí ìyá ọmọ san iye tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Oníṣẹ́ gíláàsì kì í sábà já rìsíìtì fúnra ẹ̀, àfi tí oníbàárà bá béèrè.