Orúkọ Tí Akọ̀wé Kọ Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìdílé Àwọn Lukumí ní Kúbà

Ní àwùjọ Yorùbá, ẹnu ni a fi ń gba ìtàn ìdílé. Bí a bá bi ènìyàn ní orírun rẹ̀, oríkì orílẹ̀ ni yóò fi dáhùn. Ní àwọn ilẹ̀ tí Sípéènì ti jọba, ìwé ni ó gba ipò náà. Àwọn tí a kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìgbìmọ̀ ńlá tí ìjọ Kátólíìkì ṣe ní Trent, tí ó parí ní 1563, ni ó pàṣẹ pé kí àlùfáà máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá ṣe ìsàmì fún àti gbogbo ẹni tí ó bá so pọ̀ ní ìgbéyàwó. Àṣẹ yìí dé Kúbà, ṣùgbọ́n ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀: ọ̀kan fún àwọn aláwọ̀ funfun, èkejì fún àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pa pọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè máa wá baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé tí kò sí.

Láti òde òní ni olùwádìí yóò ti máa rìn padà sẹ́yìn. Ní 1885 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìwé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ ní Kúbà. Ní 1886 ni oko ẹrú dópin níbẹ̀. Àṣà Sípéènì ni pé kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ ìdílé méjì, ti baba àti ti ìyá. Ọ̀kan ṣoṣo ni akọ̀wé kọ fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí, tí ó sì fi "sin otro apellido" tì í, èyí ni pé kò ní orúkọ ìdílé mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ́ ni nígbà náà. Lónìí, ó ń tọ́ wa sọ́nà ìwé àwọn ẹrú.

Nínú ìwé ìsàmì, a ó rí orúkọ ọmọ, ti ìyá rẹ̀, ti olówó wọn, àti ti baba tàbí ìyá ìsàmì. Bí a bá bí ìyá náà ní Áfíríkà, a lè rí ọ̀rọ̀ náà, Lukumí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Níbí ni mo ti fẹ́ ṣe ìkìlọ̀. Lukumí kì í ṣe orúkọ ìlú, akọ̀wé a sì máa fi pe àwọn kan nínú àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kò sọ bóyá ará Ọ̀yọ́ ni ènìyàn náà, tàbí Ẹ̀gbá, tàbí Ìjẹ̀bú.

Ìwé kan wà tí ó kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn àdéhùn 1817, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀ ní Havana láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrú lọ́nà àìtọ́. Akọ̀wé rẹ̀ a máa kọ orúkọ tí ẹni tí a gbà sílẹ̀ ń jẹ́ nílé, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti àmì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí Sípéènì ni ó fi gbọ́ ọ. Kò ní àmì ohùn, lẹ́tà j kì í sì í dún ní èdè rẹ̀ bí ó ti ń dún ní tiwa. Nítorí náà, "Òjó" kò lè jáde láti ọwọ́ rẹ̀ bí a ti ń kọ ọ́. Níbi tí àlejò èdè yóò ti rí lẹ́tà tí kò nítumọ̀, ọmọ Yorùbá lè gbọ́ orúkọ àmútọ̀runwá, ti ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé.

Ooru, ọ̀rinrin àti kòkòrò ń ba àwọn ìwé ìjọ wọ̀nyí jẹ́. Láti 2003 ni Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ti ń darí iṣẹ́ yíya àwòrán wọn pa mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè ka ara rẹ̀. Èrò mi ni pé ojúṣe àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni láti tọ́ àwọn tí yóò ka àwọn orúkọ náà. Akọ̀wé kọ wọ́n kí ó lè ka iye ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí àwa kà wọ́n kí a lè mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́.