Ṣé O Mọ̀? Bí Ẹnu àti Ohùn Ṣe Ń Rìn Pọ̀ Nínú Fídíò

Bí a bá ń ṣe ìnáwó ní Ìgbògbò, lágbègbè Ìkòròdú, lónìí, ìsìnkú àgbà ni o, ìgbéyàwó ni o, ìwúyè ni o, fóònù àti kámẹ́rà kì í wọ́n níbẹ̀. Ọmọ tó wà ní London ń retí fídíò, èyí tó wà ní Houston náà ń retí. Ohun ìbànújẹ́ ni kí ẹnu ìyá àgbà ti pa dé tán kí àdúrà rẹ̀ tó dé etí ọmọ. Ìṣirò ló máa ń fa irú àléébù bẹ́ẹ̀, ìṣirò náà ló sì ń tún un ṣe. Gbọ́ bí ó ṣe rí.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán inú fídíò kì í rìn rárá?
Àwòrán tó dúró sójú kan ni wọ́n, wọ́n kàn ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá tí ojú fi rò pé wọ́n ń rìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni àwọn oníṣẹ́ fídíò ń pè ní férémù. Sinimá a máa lo férémù 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n wa 25, ọ̀pọ̀ fóònù 30. Ohùn kò ní férémù ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ a máa wọn ohùn fídíò nígbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Òǹkà méjì tó yàtọ̀ síra ni, aago kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan òǹkà kan láì náání èkejì, ẹnu àti ohùn yóò pínyà.

Ṣé o mọ̀ pé nítorí etí ni sinimá ṣe dúró sórí 24?
Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó ní Glover Memorial Hall, lóṣù Kẹjọ ọdún 1903, fíìmù kò tíì ní ohùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà láyé ìgbà yẹn, kò sì sí iye kan pàtó: 16 lè di 18, ó lè di 20. Ojú gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ìgbà tí ohùn wọ inú fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1920 ni etí kọ̀ jálẹ̀. Bí ìyára bá yí padà díẹ̀, ohùn akọrin á máa lọ sókè sódò. Bí àwọn onísinimá ṣe fẹnu kò sórí 24 nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé lórí fíìmù, ọ̀rọ̀ a máa ṣáájú ẹnu tó sọ ọ́?
Lórí fíìmù onímílímítà 35, ohùn a máa wà níwájú àwòrán tirẹ̀ pẹ̀lú férémù 21. Níwájú iná ẹ̀rọ sinimá, férémù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró wìì kí ó tó kọjá. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń ka ohùn ẹ̀wẹ̀, fíìmù gbọ́dọ̀ máa lọ geere láìdúró. Ibi méjèèjì kò lè jẹ́ ojú kan náà. Nígbà tí sinimá *Àjàní Ògún* tí Ọlá Balógun darí jáde ní 1976, ọwọ́ ẹni tó ń fi fíìmù sínú ẹ̀rọ ni ẹnu àti ohùn wà. Bí ó bá jẹ́ kí fíìmù gùn jù tàbí kí ó kúrú jù láàárín ibi méjèèjì, gbogbo ará gbọ̀ngàn á rí i.

Ṣé o mọ̀ pé iná mànàmáná ló fún wa ní 25?
Iná ilẹ̀ wa a máa lọ, a máa bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Àwọn tó ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n dá iye náà sí méjì: 25 níhìn-ín, 30 lọ́hùn-ún. Ìlànà 25 yìí ni a ń lò láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ 31 Oṣù Kẹwàá 1959. Títí dòní, bí iná gbọ̀ngàn bá ń ṣẹ́ fìrífìrí nínú fídíò rẹ, gbé kámẹ́rà sí 25, kí férémù kọ̀ọ̀kan sì gba ìmọ́lẹ̀ fún 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìlọ-bọ̀ iná àti iye férémù kámẹ́rà á bára mu. Bí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, fetí sí i: irú kékeré tó wọ́pọ̀ gbọ́dọ̀ yí nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó jẹ́ 50. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń wọ́ ẹsẹ̀, iná náà yóò yẹ̀ kúrò lórí 50, fìrífìrí yóò sì padà.

Ṣé o mọ̀ pé káṣẹ́ẹ̀tì fídíò láti ọjà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó a máa ṣiṣẹ́ ní London, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kì í lè kà á?
Láyé káṣẹ́ẹ̀tì fídíò, nígbà tí *Ti Olúwa Ni Ilẹ̀* tí Túndé Kèlání darí jáde ní 1993, ìlànà kan náà ni Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì ń lò: férémù 25, ìlà 625. Amẹ́ríkà ń lo férémù 30, ìlà 525. Ọmọ Yorùbá tó gbé káṣẹ́ẹ̀tì láti ilé dé New York ní láti wá ẹni tí yóò yí i padà fún un, tàbí kí ó ra ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìlànà méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé sinimá ìṣẹ́jú 100 a máa di ìṣẹ́jú 96 lórí tẹlifíṣọ̀n wa?
Wọn kì í gé nǹkan kan kúrò. Férémù 24 ni wọ́n kàn mú kí ó sáré di 25, nítorí náà ohùn pàápàá gbọ́dọ̀ sáré pẹ̀lú ìdá 4 nínú 100. Bí ohùn bá ti sáré, á ga sókè: ó ju ìdajì àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnì dùùrù funfun àti dúdú tó tẹ̀ lé e lọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló jọ ga bákan náà, nítorí náà dùndún ṣì ń sọ ohun tó ń sọ, oríkì kò yí padà. Àmọ́ ẹni tó mọ ohùn apohùn kan dáadáa yóò mọ̀ pé ó ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ òde òní lè mú ohùn sáré kí ó sì dá a padà sí ibi tó wà, bí olóòtú bá rántí láti sọ fún un. Bí ó bá sì sáré àwòrán nìkan, tó gbàgbé ohùn pátápátá, láàárín ìṣẹ́jú kan péré ohùn ti fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti ààbọ̀ rẹ̀yìn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà méjì péré ló wà láti yí iye férémù padà?
Ọ̀nà kìíní ni kí gbogbo férémù wà bó ṣe wà, kí àsìkò yí padà. Èyí ni ti 24 sí 25 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, dandan sì ni kí a fọwọ́ kan ohùn. Ọ̀nà kejì ni kí àsìkò wà bó ṣe wà, kí férémù dín tàbí kí ó pọ̀. Láti 30 sí 25, ẹ̀rọ a yọ férémù kan nínú mẹ́fà-mẹ́fà. Láti 24 sí 30, mẹ́rin á di márùn-ún. Wákàtí kan ṣì jẹ́ wákàtí kan, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohùn rárá. Ọ̀pọ̀ fídíò tí ẹnu àti ohùn pínyà nínú rẹ̀, ọ̀nà kan ni olóòtú gbé àwòrán gbà, ó gbé ohùn gba èkejì. Kí o tó tẹ bọ́tìnì kankan, bi ara rẹ pé: àsìkò ni mo fẹ́ yí ni, àbí férémù?

Ṣé o mọ̀ pé 30 Amẹ́ríkà kì í ṣe 30?
Nígbà tí wọ́n fi àwọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n wọn ní 1953, wọ́n dín iye náà kù díẹ̀, ó di 29.97, kí àmì àwọ̀ má baà di àmì ohùn lọ́wọ́. Ẹni tó bá pe 29.97 ní 30 yóò rí ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 bí wákàtí kan bá fi pé. Pẹ̀lú férémù 25, ìwọ̀n ohùn 1,920 ló bá férémù kọ̀ọ̀kan lọ, láìṣẹ́kù. Pẹ̀lú 24, ó jẹ́ 2,000 géérégé. Pẹ̀lú 29.97, ó di 1,601.6, àfi ìgbà tí férémù bá pé márùn-ún ni òǹkà méjèèjì tó pàdé, lórí 8,008.

Ṣé o mọ̀ pé fóònù rẹ kì í fi gbogbo ìgbà ya iye férémù kan náà?
Tí ilẹ̀ bá ṣú níbi àríyá, ọ̀pọ̀ fóònù a máa dín férémù kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Ó lè jẹ́ 30 lábẹ́ iná, kí ó di 24 nínú òkùnkùn. Fóònù kọ àsìkò férémù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí náà fídíò náà pé bí o bá wò ó lórí rẹ̀. Àwọn ètò ìtúnṣe kan nínú kọ̀ǹpútà ló rò pé iye kan náà ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí wọ́n bá sì ti to férémù bẹ́ẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kọ́kọ́ gbé fídíò fóònù gba inú ètò HandBrake tàbí ffmpeg, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ó lè ní iye férémù kan ṣoṣo, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ Ìkòròdú ti fi ìbára-mu yìí gbajúmọ̀ káyé?
Ikorodu Bois, àwọn ọmọ ẹbí kan náà, ló ń fi ohun èlò inú ilé tún ìpolówó sinimá ńlá ṣe, tí wọ́n sì ń gbé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ojúlówó. Ní 2020, wọ́n tún ìpolówó *Extraction* ti Netflix ṣe, Netflix sì fi kámẹ́rà àti àwọn ohun èlò míì ránṣẹ́ sí wọn. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rín tó ń pa ènìyàn lọ. Sinimá Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 24, fóònù sábà máa ń jẹ́ 30, síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ àti ariwo ẹ̀ṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ojú kan náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀nà kejì tí a sọ lókè ló ń mú un ṣeé ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé etí a máa fara da ohùn tó pẹ́ ju èyí tó yá lọ?
Àjọ ITU, tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ lágbàáyé, sọ pé ènìyàn a máa fura bí ohùn bá fi 45 ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ̀yìn, ó di 125 kí a tó fura. Ó bá ìṣẹ̀dá mu, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa ṣáájú ohùn dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ooru wa, ohùn a máa rin nǹkan bíi mítà 14 láàárín férémù kan ti 25. Bí o bá dúró ní èbúté Bàyẹ̀kù tí ò ń fa onílù tó wà ní mítà 50 mọ́ra nínú kámẹ́rà, ohùn ìlù á dé lẹ́yìn férémù tó ju mẹ́ta lọ. Bákan náà ni ó rí níbi ọdún Kayokayo ní Ẹ̀pẹ́, bí o bá jìnnà sí àwọn oníjó. Olóòtú tó mọṣẹ́ á fa ohùn náà síwájú.

Ṣé o mọ̀ pé Bluetooth lè parọ́ fún ọ?
Ohùn tó gba inú rẹ̀ kọjá a máa pẹ́, ìpẹ́ náà sì lè ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Fi gbohùngbohùn etí olókùn gbọ́ ọ kí o tó sọ pé fídíò kan yẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àtẹ́wọ́ méjì tó láti mọ àrùn tó ń ṣe fídíò?
Pa àtẹ́wọ́ kan níwájú kámẹ́rà níbẹ̀rẹ̀, pa èkejì níparí. Bí àlàfo ọwọ́ àti ìró bá dọ́gba níbi méjèèjì, sún ohùn, ó parí. Bí àlàfo ìparí bá tóbi ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, iye férémù tàbí ìwọ̀n ohùn ni ẹnì kan pè lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn tí a wọ̀n ní 44,100 tí ẹ̀rọ kà bí 48,000, ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ á tán ní ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 11.

Ìmọ̀ yìí wúlò fún ohun tó ju àríyá ọ̀la lọ. Káṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé, láti Ìgbògbò títí dé Ẹ̀pẹ́, ohùn àwọn àgbà tó ti lọ sì wà nínú wọn. Bí o bá ń gbé wọn sínú kọ̀ǹpútà, jẹ́ kí àwòrán wà ní 25, kí ohùn wà ní 48,000, kí o sì pa fáìlì yẹn mọ́ láì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà tó ń lọ sí Houston lè di 30, èyí tó ń lọ sí London lè wà bó ṣe wà. Láti ara fáìlì kan yẹn ni ọmọ-ọmọ yóò ti máa rí baba ńlá rẹ̀ tó ń kì í, tí ẹnu rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jọ ń lọ.