Iyọ̀ Tí Ó Ń Rin Nínú Ilé

Bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyàwó ilé máa ń bi mí: kí ni ó dé tí iyọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bu omi sí fi ń rin, tí omi fi ń dúró ní ìdí agolo rẹ̀? Ọmọ mìíràn ti jẹgba lórí ọ̀ràn yìí láìmọwọ́mẹsẹ̀.

Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá. Ẹ wo ìgò omi tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú fíríìjì, bí ìrì ti ń sẹ̀ sí i lára. Ìgò kò jò. Omi tí ojú wa kò rí nínú afẹ́fẹ́ ni. Bí díẹ̀ nínú omi yìí bá kan hóró iyọ̀, iyọ̀ a yọ́ sínú rẹ̀, omi iyọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a sì bo hóró náà. Omi iyọ̀ kò dàbí omi lásán. Iyọ̀ di omi náà mú, kò jẹ́ kí ó tètè fò padà sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni omi inú afẹ́fẹ́ kò yéé bọ́ sínú rẹ̀. Èyí tí ó ń wọlé wá pọ̀ ju èyí tí ó ń jáde lọ, iyọ̀ sì ń yọ́ sí i.

Bí a bá pín gbogbo omi tí afẹ́fẹ́ lè gbà sí ọ̀nà 100, iyọ̀ tí kò ní àbùlà kò ní yọ́ níwọ̀n ìgbà tí èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ kò bá tó 75. Ní Èkó nígbà òjò, òwúrọ̀ tí kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣọ̀wọ́n. Nígbà ọyẹ́, omi a fò lọ, àwọn hóró a sì lẹ̀ mọ́ra wọn bí òkúta. Iyọ̀ òkun tí a kò yọ́ mọ́ ni ó le jù: iyọ̀ mìíràn tí ó korò, mágínísíọ̀mù kúlóráìdì, wà nínú rẹ̀, 33 péré sì ti tó fún ìyẹn láti máa fa omi.

Iyọ̀ tí ó rin kì í ṣe májèlé. Ohun tí ó kan ìlera wa níbẹ̀ ni áyódìn tí wọ́n ń fi sí iyọ̀ ní Nàìjíríà láti 1993. Àìní rẹ̀ ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé, bí aboyún kò bá ní i tó, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ kò ní lè dàgbà bí ó ti yẹ. Bí iyọ̀ bá sì rin, áyódìn a bá omi sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí àpò, òmíràn a bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí ó da omi ìdí agolo iyọ̀ nù, oògùn ni ó dà nù.

Nítorí náà n kò fara mọ́ àṣà fífọ iyọ̀ kí a tó fi se ọbẹ̀, tàbí sísá a sóòrùn. Oòrùn a gbẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru ń lé áyódìn. Ẹ ra èyí tí ó wà nínú ọ̀rá tí a lẹ̀ pa, kì í ṣe èyí tí ó ti wà nínú abọ́ gbalasa lọ́jà láti àárọ̀. Ike tàbí ìgò tí ó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, nítorí agolo a máa dógùn-ún. Ẹ gbé e jìnnà sí ooru ìkòkò, kí ẹ má sì fi ṣíbí tútù bù ú. Ìrẹsì díẹ̀ tí àwọn kan ń fi sínú ìgò iyọ̀ orí tábìlì ń ṣe ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ìdérí tí ó dé dáadáa sàn jù ú lọ. Bí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó jinná ni kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí áyódìn bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ o! Gíráàmù 5, tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, ni ìwọ̀n tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ó wà nínú búrẹ́dì àti máàgì sì wà nínú ìṣirò náà.