Ẹ Ka Èémí Ọmọ Yín

Àlọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ààlọ́ o! Àlejò kan ń wọlé, ó ń jáde, tọ̀sán-tòru. Kò kan ilẹ̀kùn, kò sì jókòó. Ọjọ́ tí ó bá jáde tí kò padà wọlé mọ́, onílé di òkú. Kí ni o? Èémí ni.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín. Bí ẹ bá mí sínú, àyà á gbéra. Bí ẹ bá mí síta, á rọlẹ̀. Ìgbéra kan àti ìrọlẹ̀ kan, èémí kan nìyẹn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọdé ń mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ó ń gbé àyà? Ẹ ti rí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí ó ti ń fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àyà wa rí. Iṣan kan tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín àyà àti ikùn. Bí ó bá fà wálẹ̀, inú àyà á gbòòrò, afẹ́fẹ́ á sì gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn àpò kéékèèké wà, tí ojú lásán kò lè kà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn, tí ó sì ń da afẹ́fẹ́ tí ara ti lò nù.

Ta ni ń tẹ ẹwìrì yìí nígbà tí a bá sùn? Ọpọlọ ni. Níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, olùṣọ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í sùn. Bí afẹ́fẹ́ àlòkù bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọ́síjìn bá dín púpọ̀, olùṣọ́ náà á ní kí ẹwìrì yára.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo òtútù àyà. Orúkọ rẹ̀ ń tan wá jẹ. Kì í ṣe òtútù ọyẹ́ ni ó ń fà á. Kòkòrò àìfojúrí ni. Ó ń mú kí omi àti ọyún kún inú àwọn àpò ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè mọ́. Ẹwìrì náà le, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ìkìlọ̀ ni èyí.

Ní ilẹ̀ Papua New Guinea, níbi tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara kò tó, Dókítà Frank Shann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1984 pé a lè mọ ọmọ tí òtútù àyà mú nípa kíka èémí rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé gba irú ọ̀nà yìí. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ tàbí tí mímí rẹ̀ ṣòro, iye tí ẹ ó fi sọ́kàn nìyí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bí ó bá mí tó 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti yára jù. Láti oṣù 2 títí di ìgbà tí yóò pé ọdún 1, 50 ni. Láti ọdún 1 sí ọdún 5, 40 ni.

Báwo ni a ó ṣe kà á? Ẹ dúró títí ọmọ yóò fi dákẹ́. Ẹ má kà á nígbà tí ó ń sunkún tàbí tí ó ń mu ọmú. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo àyà àti ikùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wo aago. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí èémí ọmọ kì í dọ́gba. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 2 tí iye náà sì pọ̀, ẹ tún un kà.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ibẹ̀ bá ń wọnú nígbà tí ọmọ ń mí sínú, ewu dé. Bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí gìrì bá mú un, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ ń ṣe bí aró, ẹ má dúró di ọ̀la. Ohun kan wà tí ó ti tan ọ̀pọ̀ ìyá jẹ. Bí ọmọ tí ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ láti àná bá ṣàdédé ń mí lọ́ra, tí kò sì jí dáadáa, ẹ má rò pé ara ń yá. Ó ti rẹ iṣan rẹ̀ ni.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré kan há ìka ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń la ìka kọjá, ó sì ń sọ bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 90 nínú 100, ọmọ náà nílò ọ́síjìn. Láti 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Falade ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹ̀rọ yìí àti ọ́síjìn dé ilé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà a máa fi iye tí ó ga ju bó ti yẹ hàn nígbà mìíràn lára aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà ojú àti aago kò ṣeé jù nù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní abà, ẹ má ṣe da àgbo tàbí epo sí ọ̀fun ọmọ tí èémí rẹ̀ kò já gaara. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe gbé ọmọ pọ̀n nídìí iná tí èéfín igi kún. Ẹ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà fún un, èyí tí ó wọ ètò àjẹsára ilẹ̀ wa ní 2014, nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Aago kan, ojú méjì, ìṣẹ́jú kan. Kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí là. Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù ka èémí ọmọ tí ara rẹ̀ le nínú ilé, kí ojú wa lè mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ àìsàn tó dé. Ó dìgbà kan ná o.